Abẹ́rẹ́ Ológbò Gbémisọ́lá

Èmi àti ológbò ọmọ mi ni àtọ̀gbẹ jọ ń bá fínra nínú ilé kan náà ní Ìkọ̀lé. Kòkó ni orúkọ ológbò náà, nítorí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kòkó tí wọ́n sá sóòrùn. Gbémisọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló rà á nígbà tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Ìlú Ọba, ó gbé e wá bá mi nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì sunkún títí. Mo rò pé nítorí èmi ni. Àgbà náà máa ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tó yá, ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó ń tọ̀ káàkiri, ó ń jẹun, ó sì ń rù. Mo ti mọ àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Dókítà Bánkọ́lé, dókítà ẹran ní Ọ̀yẹ́, gba ẹ̀jẹ̀ létí rẹ̀, ó ní kí n máa fún un díẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ ínsúlínì tèmi, irú èyí tó máa ń funfun bí omi ògì tí a bá yí ìgò rẹ̀ lọ́wọ́. Ti ológbò ò ju ẹ̀kán omi kan lọ. Iná kì í sábà dé àdúgbò wa, nítorí náà inú ìkòkò amọ̀ tí mo rì sínú iyanrìn tútù ni ìgò náà ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹran ṣe di alájọpín ìgò kan.

Kò bá Kòkó lára mu. Dókítà ní kíákíá ló ń ṣiṣẹ́ lára ológbò, kíákíá náà ló ń kúrò. Kó tó di ọ̀sán, ṣúgà á tún ti gòkè. Ó ní kí a yí i padà sí irú kejì, èyí tó mọ́ gaara, tó máa ń rọra ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ẹ má kàn pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ o, Mà," ó ní. "Ìwọ̀n kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, kó sì jẹun kí ẹ tó gún un."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà korò. Nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni nọ́ọ̀sì ọsibítù ti bá èmi alára sọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ínsúlínì oníògì yìí ò bá mi mu mọ́, òun ló ń jẹ́ kí n máa gbọ̀n lọ́sàn-án, tí ṣúgà mi á tún ga ròkè tílẹ̀ bá mọ́. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì mi, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ínsúlínì gaara yẹn ló yẹ mí.

Mo sọ fún Gbémisọ́lá kó bá mi rà á. Ó ní, "Màmá, èyí tí ẹ ń lò yẹn náà dáa, òun ni ọ̀pọ̀ àgbà ń lò. Ẹ ṣì máa ṣe é mọ́ra ná, nǹkan le níbí." Mo tún sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ò gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo panu mọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyá kì í tọrọ nǹkan kan náà lọ́wọ́ ọmọ nígbà mẹ́ta. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta, agbe ló ń ṣe.

Ti ológbò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Dèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ti ọ̀hún bọ̀, ti gbé gaara wọ Ìkọ̀lé nínú kúlà kékeré tó kún fún yìnyín, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi.

"Gbémi ní kí ẹ má jẹ́ kó móoru o, Mà."

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Wọn ò sọ ti ìyá ẹni àti ológbò ẹni.

Ọ̀dọ̀ Wùnmí, aládùúgbò mi tó ní sólà, ni mo ti ń ra yìnyín lójoojúmọ́ fún abẹ́rẹ́ ológbò. Tèmi ṣì wà nínú ìkòkò. Wùnmí wò mí, ó mi orí.

"Màmá, ulé kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Kí ló dé tí ẹ ò gún un síra yín?"

Mo ní èmi kì í ṣe olè. Ìgò tí ológbò á lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi á ti fà á gbẹ kí oṣù kan tó parí. Kòkó á kú, ọmọ mi á sì mọ ẹni tó pa á. Kí n má purọ́, mo ti dì í mú lọ́wọ́ rí, mo wò ó títí. Mo dá a padà sínú yìnyín.

Kòkó san. Irun rẹ̀ ń dán. Láràárọ̀, mo máa ń gún un létí, màá ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ, màá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Gbémisọ́lá á sì fi àwòrán ọkàn pupa dá a lóhùn. Àwọn ọkàn yẹn kún inú fóònù mi, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jí, ojú mi ń ṣú, ẹnu mi gbẹ bí èèpo iṣu. Mo wo ti ológbò, ó dáa. Ni mo bá gún ìka ara mi. Ó lé ní irinwó. Mo jókòó ti nọ́ńbà náà, inú ń bí mi, inú ń bí mi gan-an. Mo yà á, mo fi ránṣẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi dún. Gbémisọ́lá ni, ẹni tí màá pè pè pè tí kò ní gbé e.

"Màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ti jẹun? Àbí abẹ́rẹ́ yẹn ti bàjẹ́? Ẹ múra kẹ́ ẹ gbé e lọ Ọ̀yẹ́ báyìí, mò ń pe Ajíbádé awakọ̀ kó gbé mọ́tò wá bá yín. Tí gaara ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, irú kẹta wà, mo ti kà nípa rẹ̀, màá wá a rà lónìí. Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ o!"

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ọmọ mi, ó sì dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ní:

"Gbémisọ́lá, kò sóhun tó ṣe ológbò rẹ. Ẹ̀jẹ̀ yèyé rẹ lo rí yẹn."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Háà, Ọlọ́run ṣeun o! Màmá, ẹ dẹ́rù bà mí. Mo ti rò pé Kòkó ni."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí òun alára tó gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ní in lọ́kàn, pé kí n jọ̀ọ́, kí n lọ sí ọsibítù. Mo ní kó má bínú, àsìkò abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ ti tó. Mo pa fóònù.

Mo fún Kòkó ní ẹja sísè, mo fa gaara látinú kúlà, mo gún un. Ó nara, ó lọ yá oòrùn. Mo wá wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí ìkòkò, mo mú ìgò tèmi, mo ń yí i lọ́wọ́ títí ó fi funfun.