Orúkọ Atẹdùùrù Lórí Rédíò

Ọdún kejìlá rèé tí atẹdùùrù ti ń jókòó sẹ́yìn Olóhùn-Iyọ̀, obìnrin tí orin inú ìwé gbé dé òkè, tó sì ti gbàgbé ẹni tó di àkàbà mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ rédíò pè wọ́n láti wá sọ orin tó máa ń wọ̀ wọ́n ní akínyẹmí ara, ohun kan ṣoṣo ni atẹdùùrù ń fẹ́: kí wọ́n dárúkọ òun. Ìyá rẹ̀ wà nílé, ó gbé rédíò sétí, ó sì ti pe ìyá ẹnu ọ̀nà kejì kó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dárúkọ ọmọ òun.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi Olóhùn-Iyọ̀ pé orin wo ló máa ń pa á lẹ́kún. Ìbéèrè ò tíì parí tó ti fa aṣọ ìnujú yọ.

"Ọmọ mi, orin ìyá tó ń wá ọmọ ẹ̀ ni. Ohùn òkè tó wà níparí ẹ̀ yẹn, tí mo bá ti gbé e, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n kú. Ọlọ́run ló fún mi. Ogún ọdún rèé, kò yẹ̀ níbi tó wà."

Atẹdùùrù wolẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rọra fa orin náà wálẹ̀ lórí dùùrù ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ọ̀fun àgbà má baà dójú tini níwájú èrò. Ohùn tí Ọlọ́run fúnni ti fi àtẹ̀gùn mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí a bá ń gbé gẹ̀gẹ̀ kì í ba ara rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

"Ta ló ń bá yín tẹ dùùrù, Màmá?" ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bèèrè.

Atẹdùùrù gbé orí sókè.

"Ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ṣáà ti mọ ìwé orin kà, á tẹ̀ ẹ́."

Inú bí ọkùnrin náà débi pé etí rẹ̀ gbóná. Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n kọ ìparí orin náà fáwọn olùgbọ́, ó ṣí ìwé, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣebí ìwé kíkà náà ni.

Olóhùn-Iyọ̀ gbéra. Ó dé ìparí, ó na ọrùn, ó na ọwọ́, ó na ìka ẹsẹ̀ pàápàá. Ohun tó jáde dà bí ìlẹ̀kùn tó ń fẹ́ epo. Ó wúkọ́. Iná pupa tó ń sọ pé ayé ń gbọ́ wọn ṣì ń tàn lọ.

Olóhùn-Iyọ̀ bá fa maíìkì mọ́ra. Ó dárúkọ atẹdùùrù, ó dárúkọ baba rẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣì í pè rárá. "Òun ló tẹ̀ ẹ́ ga jù. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀fun mi."

Ìgbà tí atẹdùùrù fi délé, àlejò ìyá rẹ̀ ti lọ, wọ́n sì ti pa rédíò.

"Mo gbọ́ orúkọ ẹ," ni ìyá wí.

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ó pè é dáadáa, ti bàbá ẹ náà." Ó gbé rédíò padà sí àyè rẹ̀. "Àṣé ó mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí."