Àga Àyálò

Nígbà tí Akíndèjì gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń bọ̀ wá wo ilé òun ní Oko-Akarè nítorí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ òun, ohun tí baba rẹ̀ fi kọ́ ọ ló ṣe: a kì í jẹ́ kí àlejò rí ìdí ìkòkò ẹni. Ó yá àga onítìmùtìmù lọ́wọ́ Ìsmáílà oníṣòwò, ó yá tẹlifísọ̀n rẹ̀, ó sì pa àkùkọ kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ ní.

"Àkùkọ yẹn náà?" Ìyábùnmi, ìyàwó rẹ̀, bi í. "Lọ́la, ta ni yóò jí wa?"

Oyèfúnkẹ́, ọmọ wọn tó ń lọ sí yunifásítì ní Kálàfí, kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọmọ tálákà nìkan ni wọ́n ń fún ní owó ìrànwọ́ yìí. Bí n kò bá rí i gbà, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn."

"Ṣé kí n wá gbé ìṣẹ́ ka iwájú àlejò ni? Lọ wọ aṣọ tó dáa."

Rosine, òṣìṣẹ́ náà, dé lọ́sàn-án. Ó jókòó sórí àga, ó jẹun, ó wo tẹlifísọ̀n títí.

"Bàbá, ilé yín dára. Níbi tí mo ti ń bọ̀, ẹní ni wọ́n tẹ́ fún mi." Ó dìde. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò."

Ìyìn ni. Àmọ́ Akíndèjì bojú wo ọmọ rẹ̀. Oyèfúnkẹ́ ti ń kó abọ́ nílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti fi yunifásítì sílẹ̀ padà wálé pátápátá.

"Màdáámù, ẹ dúró." Akíndèjì nawọ́ sí àga náà. "Ti Ìsmáílà ni àga yìí. Tirẹ̀ ni tẹlifísọ̀n. Àkùkọ nìkan ni tèmi, ẹ sì ti jẹ ẹ́."

"Báyìí ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ owó ṣe ń sọ, Bàbá."

"Ẹ tẹ̀ lé mi, nígbà náà."

Ó gbé àga rù, Oyèfúnkẹ́ gbé tẹlifísọ̀n, wọ́n gba àárín abúlé kọjá nínú oòrùn. Àwọn obìnrin tó ń fún epo dáwọ́ dúró, ọ̀kan nínú wọn sì pariwo:

"Akíndèjì, o ti di aláàárù!"

"Ohun olóhun ni mò ń dá padà," ó dáhùn, kò sì yára rìn.

Ìsmáílà jáde. "Àlejò ti lọ ni?"

"Àlejò rè é lẹ́yìn mi."

Ìsmáílà wo Rosine, ó wo Akíndèjì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá a sọ àga kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ìyábùnmi ti tẹ́ ẹní. Rosine bọ́ bàtà, ó jókòó, ó yọ bíìkì tó fi ń kọ̀wé.

"Ó yá, Bàbá. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn nínú yàrá yìí?"

"Mẹ́fà," ni Akíndèjì wí, ohùn rẹ̀ sì jáde gaara.