Táyà Tí Mo Fi Wọn Etí Odò

Rúlà ni Abdulganiyu fi fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ọmọ bàbá kan náà ni wá, ìyá wa ló yàtọ̀. Bàbá wa fi oko kan sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Ọ̀fà, odò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ó tó kú, ó sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé kí etí odò náà dọ́gba láàárín àwa ìdí igi méjèèjì, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ewébẹ̀ ti ń hù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ni Abdulganiyu bá fi rúlà fa ìlà gbọọrọ lórí pílánì, ó dá a sí méjì, ó gbin pèrègún sí ààlà. Odò tó rí wọ́kuwọ̀ku! Rúlà!

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, n kò lè gba irú ìyẹn. Mo gé rọ́bà sílípáàsì róbótó bíi táyà, mo fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ gún un láàárín. Mo lẹ páálí eléyín mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì de ike pẹlẹbẹ kan tí eyín kọ̀ọ̀kan ń gbá bó ṣe ń yí. Bí mo bá yí i tẹ̀ lé odò lórí bébà, á máa dún kẹ́, kẹ́. Kẹ́ kan jẹ́ mítà mẹ́wàá lórí ilẹ̀.

Ọwọ́ Alhaji Akínwándé, àbúrò bàbá wa, ni ojúlówó pílánì wà. Bí o bá ní nǹkan tí o fẹ́ fi ṣe, á fi ènìyàn tẹ̀ lé ọ lọ ṣe fọ́tókọ́pì, onítọ̀hún á sì gbà á padà lẹ́nu ẹ̀rọ. Fọ́tókọ́pì tèmi jẹ́ bébà méjì, ìpín rẹ̀ lórí ọ̀kan, ìpín mi lórí ìkejì. Tirẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì. Tèmi, ẹ̀ẹ̀méjìdínlọ́gbọ̀n.

Mo pe gbogbo ẹbí jọ ní ilé Alhaji.

"Olè ni ọ́," mo wí fún Abdulganiyu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"N ò ní rọra! Mítà ọgọ́rin lo fi jù mí lọ. Àbí ìyá ẹ ló kọ́ ọ?"

Ìyá rẹ̀ jókòó níbẹ̀.

Alhaji ṣí àpótí rẹ̀, ó tẹ́ ojúlówó pílánì sílẹ̀. "Ràfátù, yí i lórí èyí. A ó jọ kà á."

Tirẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá yí tèmi. Ó dé méjìdínlọ́gbọ̀n, kò dúró. Àwọn obìnrin ilé ń kà á sókè. Méjìdínlógójì ló dúró sí.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ọmọbìnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ti sọ pé ìpín mi tóbi ju bébà lọ, pé òun á fi bébà kẹta kún un. Èmi ni mo pariwo mọ́ ọn pé kí ó má fi bébà ṣòfò, kí ó fún un pọ̀ títí á fi wọ̀ ọ́. Odò tèmi nìkan ló wá kúrú lórí bébà. Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìwọ̀n máàpù!

"Ràfátù, ta wá ni olè?" ìyá Abdulganiyu bi mí.

Alhaji ní kí pèrègún wọ inú ìpín mi ní mítà mẹ́wàá, kí méjèèjì lè dọ́gba. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n lò. Fi ibẹ̀ hàn wá."

Mo yí i láti orí ààlà. Kẹ́ kan péré. Mo fi bírò sàmì sórí ibi tí tẹ̀tẹ̀ mi wà tìbínú-tìbínú.

Abdulganiyu bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ já tẹ̀tẹ̀ yẹn tán ná. N ò ní tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀."

Bó bá fi mí ṣẹ̀sín ni, ì bá ti tán nínú mi. Bó ṣe ṣàánú mi yẹn gan-an ni n kò lè forí jì í.