Ogún Inú Ẹ̀rọ Géèmù

"Alfa, ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó kó ohun inú rẹ̀ sí."

Mọ́rúfù gbé ẹ̀rọ géèmù náà kalẹ̀ sórí ẹní, láàárín òun àti Màríyàm, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti di olóògbé. Aṣọ ló ń tà ní Marché Central, ọjà ńlá ìlú Douala, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọjà síwájú èèyàn tí onítọ̀hún kò fi ní ráyè wo ibòmíràn. Alfa Barakatullahi, lémọ́ọ̀mù àwọn Yorùbá tó ń gbé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar ní Douala, wo ẹ̀rọ náà, ó tún wo Màríyàm. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alaasari tán ni. Ooru mú nínú pálọ̀ Alfa, fáànù tó ń yí lókè kò sì ṣe ju pé kó máa da ooru náà kiri lọ.

Màríyàm tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ ni, Douala ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Kò sí Yorùbá tí wọ́n sọ tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n tó bá di kí òun náà sọ̀rọ̀, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Nítorí náà, ó máa ń dákẹ́ níwájú àwọn àgbà, àwọn àgbà a sì máa rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí dídákẹ́ lè bò mọ́lẹ̀. Yẹ̀kínnì, bàbá rẹ̀, kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ló fi sílẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń sanwó kí wọ́n tó jókòó gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Alfa fúnra rẹ̀ ló pín ogún náà bí Àlùkùránì ṣe là á sílẹ̀. Ìyàwó ní ìpín tirẹ̀, ọmọbìnrin ní tirẹ̀, nígbà tí kò sì ti sí ọmọkùnrin, àbúrò olóògbé wọlé gba èyí tó kù. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Màríyàm àti Èjìdé ìyá rẹ̀, wọ́n fi ìkejì fún Mọ́rúfù, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹ mósà, oníkálùkù lọ sílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ta ló máa béèrè? Ẹni tó bá ti pín àpótí ti pín aṣọ inú rẹ̀. Bí gbogbo wọn ṣe mọ ogún sí láti ilé nìyẹn, Alfa pàápàá.

Àfi ìgbà tí Mọ́rúfù gbé tirẹ̀ délé, tó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó rí àwòrán àgádágodo lára gbogbo géèmù tó wà níbẹ̀. Ó tẹ èyí, kò ṣí. Ó tẹ ìyẹn, kò ṣí. Ó pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìyẹn ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Yẹ̀kínnì, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ ràì. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé Màríyàm jẹ ogún mọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Láàárín àwọn Yorùbá Madagascar, ìnagijẹ burúkú kan wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: olè ogún. Ọmọbìnrin tí orúkọ yẹn bá lẹ̀ mọ́, ta ni yóò wá tọrọ rẹ̀? Ta ni yóò tún rán ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá sọ́dọ̀ Alfa yìí, Èjìdé ti gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Inú opó ló ṣì wà, kì í jáde síta, ohun tó bá sì wọlé ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jẹ. Ó ní kí Màríyàm sọ fún wọn pé òun ò mọ̀, pé bóyá ẹ̀rọ gbá nǹkan lójú ọ̀nà. Nínú àwọn àgbà yẹn, ó ní, èwo ló mọ tinú géèmù?

Òótọ́ sì ni, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n.

"Màríyàm," ni Alfa pè é, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àbúrò bàbá rẹ ń bi ọ́."

"Mi ò kó nǹkan kan, Alfa," ni Màríyàm wí. "Daddy ò ra wọ́n bí… bí èèyàn ṣe ń ra aṣọ. Àyè ló rà. Àyè láti máa fi wọ́n ṣeré. Géèmù yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é."

Mọ́rúfù ní irọ́ ni. Ó ní sídì géèmù tí bùrọ̀dá òun ní nígbà kan kún àpò gàrí kan, pé òun lòun bá a gbé e láti pọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tó wọlé pẹ̀lú ẹrù tòkunbọ̀, tí orí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ọrùn. Ó béèrè ibi tí àpò yẹn wọlẹ̀ sí. Màríyàm ṣàlàyé pé bàbá òun ti tà wọ́n tán. Eruku ń bà wọ́n jẹ́, àwọn ọmọ ń ha wọ́n lára, èyí tó bá sì jáde lóde òní, wọ́n á ti máa gbá a ní àdúgbò Akwa kí sídì rẹ̀ tó débi. Ló bá ṣí àkáǹtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń ra gbogbo rẹ̀ látibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ tó ra àkọ́kọ́, ó ní wàhálà sídì ti tán.

Mọ́rúfù bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ìbínú rẹ̀ ti ń di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀.

"Bùrọ̀dá mi sanwó, wọ́n gbà á. Ó wá kú. O ń sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un ló ṣì wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tonton," ni Màríyàm wí. Bó ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Faransé nìyẹn.

"Èmi ń ta aṣọ láti ọjọ́ yìí, mi ò tíì lọ bọ́ aṣọ lára òkú rí pé èmi ni mo tà á. Ohun téèyàn rà tí kò lè fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ṣé ọjà nìyẹn?"

Màríyàm náà ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Alfa ló wá béèrè èyí tó le. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí géèmù fi ń ṣí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í ṣí nílé Mọ́rúfù? Ibi tí Màríyàm ti lè purọ́ nìyí, ìyá rẹ̀ sì ti fi irọ́ náà sí i lẹ́nu. Ó wo ẹ̀rọ tó wà lórí ẹní. Ó rò ó pé tí òun bá jáde níbí pẹ̀lú irọ́, á jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

"Mo mọ kóòdù Daddy," ni ó wí. "Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kó ti máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí wàhálà. Báyìí, tó bá ṣí lọ́dọ̀ Tonton, á tì lọ́dọ̀ wa."

"Ṣí i," ni Mọ́rúfù wí.

"Tonton, á tì lọ́dọ̀ wa."

"Mo gbọ́. Ṣí i."

Wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n Alfa. Màríyàm fi fóònù rẹ̀ fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ kóòdù, ó fọwọ́ sí i pé ibí yìí ni kó ti máa ṣiṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn àgádágodo náà pòórá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mọ́rúfù mú pádì lọ́wọ́, ó ń wò ó. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó dì í mú bí ẹni tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ ni fóònù Màríyàm dún. Larissa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, ló ń pè, Faransé ló sì ń sọ. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé gbogbo ilé gbọ́ ọ, ariwo àwọn ọmọkùnrin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní gbogbo géèmù ti tì láàárín ìdíje, àwọn tó ti sanwó ń gbá tábìlì. Ó wá ní Màmá ti jáde.

Màríyàm béèrè èwo ni Màmá.

Larissa ní ìyá rẹ̀ ni. Ó ní ó wọ aṣọ opó rẹ̀ jáde látinú ilé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń bẹ àwọn ọmọ náà.

Mọ́rúfù kò gbọ́ Faransé bíi ti Màríyàm, ṣùgbọ́n Faransé tó ń sọ lọ́jà tó láti fi gbọ́ èyí. Ó rọra fi pádì sílẹ̀. Ìyàwó bùrọ̀dá rẹ̀, nínú opó, níta, níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ó ń tọrọ àforíjì nítorí géèmù. Ojú tì í. Ó tì í débi tí kò lè gbé orí sókè wo Alfa.

"Dá a padà," ni ó wí. "Dá a padà kíá. Mo yọ̀ǹda ìpín tèmi."

Màríyàm ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ nígbà tí Alfa ní kí ó dúró ná. Ó béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé Yẹ̀kínnì ti kú.

Nígbà tí Màríyàm máa dáhùn, ó ti ń sunkún.

"Wọn ò mọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á tì í pa. Àárọ̀ tí mo bá ṣí i, á kọ ọ́ síbẹ̀, *Bonjour, Yẹ̀kínnì*. Wọ́n ti gba àga rẹ̀ lọ́wọ́ wa ní mọ́ṣáláṣí, Alfa. Wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń kí Daddy. Àárò rẹ̀ ń sọ mí."

Mọ́rúfù náà bojú. Ọmọ ìyá ni òun àti Yẹ̀kínnì, ọmú kan náà ni wọ́n mu, kò sì tíì rẹ́ni tó lè sunkún níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó sunkún náà báyìí.

Alfa jẹ́ kí wọ́n sun ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mọ́rúfù, a kì í yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tẹni. Èmi ni mo pín àpótí tí mi ò béèrè ẹni tó ni aṣọ inú rẹ̀. Màríyàm, mi ò sọ pé kí o ti ṣọ́ọ̀bù o. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ lò ń bá òkú jẹ́ orúkọ. Ìwọ wò ó."

Màríyàm wò ó. Ó ro oúnjẹ ilé, ó ro ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá dá géèmù padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jẹun lónìí, wọ́n á jẹun lọ́la, ọ̀rọ̀ náà á sì máa wà láàárín òun àti Tonton títí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ á fi mọ̀. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jẹ́ bàbá rẹ̀. Ó mú fóònù, ó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ó kọ gbólóhùn kan ní Faransé. Ó fi ránṣẹ́.

"Kí lo kọ?" ni Mọ́rúfù béèrè.

"Mo sọ fún wọn pé Daddy ti kú."

Kò tíì sọ ọ́ rí látẹnu ara rẹ̀, ní èdè kankan. Alfa ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Àwọn méjèèjì wí i tẹ̀lé e.

Mọ́rúfù dìde, ó tú wáyà ẹ̀rọ náà, ó ká a dáadáa, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé Màríyàm lọ́wọ́. Ó ní kí ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀, pé ẹ̀rọ ni ogún, òun sì lè yọ̀ǹda ìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun fúnra òun ni òun yóò dìde ní mọ́ṣáláṣí sọ pé ọmọ bùrọ̀dá òun kò jalè. Kí wọ́n tó jáde, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá bàtà rẹ̀.

"Stephen tó ń bá mi gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù máa ń rí sídì nínú ẹrù tòkunbọ̀," ni ó wí. "Lọ́la, a ó jọ lọ bá a. Sídì ni kí o rà, Màríyàm. Èyí tí olè lè gbé sá. Ìyẹn la fi máa mọ̀ pé tiwa ni."