Ìwé Ẹ̀dínwó Alápatà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Alápatà kì í ṣe ènìyàn gidi, ẹ ní kó lọ jókòó síbì kan. Ènìyàn gidi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kì í gbọ́ràn. Ọwọ́ tó ń la màlúù sí méjì láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín egungun ẹran àti àgbọ̀n ọmọ ènìyàn mọ́. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà kan ná kíndìnrín títí, kò rà á, ó tún wá pòṣé. Alápatà gbá a lẹ́ẹ̀kan péré. Eyín méjì já bọ́ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé ẹran. Ìyàwó Alápatà wà níbẹ̀, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà sì figbe ta títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó kó ẹrù, ó di ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Nígbà tí Alápatà lọ bẹ̀bẹ̀, Tíṣà kò pariwo, kò bú u. Ó ní, “Oṣù mẹ́ta. Bí ọwọ́ rẹ ò bá kan ara ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta, èmi fúnra mi ni màá kó wọn padà wá bá ọ. Bó bá kan ẹnì kan péré, má wá síbí mọ́.”

Alápatà dọ̀bálẹ̀. Ó fẹ́ràn obìnrin náà débi pé ojú ń tì í láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi: Tíṣà náà lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìdánwò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdánwò ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, ọkùnrin kan wá síbi tí Alápatà ti ń tajà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ gbàgà, kò bẹ̀bẹ̀. Alápatà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, ó di aṣọ inú rẹ̀ mú. Ni Tíṣà bá yọ jáde lẹ́yìn ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. “O yege!” Lóṣù kejì, obìnrin kan pè é lólè lójú gbogbo ènìyàn, ó tutọ́ sórí ẹran. Ọwọ́ tún wọ àpò. Tíṣà tún yọ lẹ́yìn ọkọ̀ kan. Lóṣù kẹta, àwọn gìrìpá méjì da omi ìdọ̀tí lé e lórí látòkè délẹ̀. “O yege, ọkọ àbúrò mi!” Alápatà náà rẹ́rìn-ín, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Irú ìranù wo nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe nìyẹn? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó fi ìwé kan rán Tíṣà sí ọkọ rẹ̀. Ìwé ẹ̀dínwó ni, láti ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá mú un wá máa ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ní ìdajì owó, ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta náà pé sì ni ìwé náà máa kú. Ó ní kí Tíṣà sọ fún un pé, “Ọmọ ti dàgbà ju kó máa sùn láàárín wa. Ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá wọ yàrá, ọjọ́ náà ni àwa náà á wọlé.”

Alápatà gba ìwé yìí bí ẹni gba ẹyin. Ibo ló wá fi í sí? Ibi tó ń fi gbogbo ohun iyebíye rẹ̀ sí ni: àpò àyà épúrọ́ọ̀nù tó ń wọ̀ pa ẹran. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń gbé e káàkiri láàárín ìfun àti ìtàjẹ̀sílẹ̀. Bí òórùn ẹja kò ṣe ń rùn sí apẹja ni ẹ̀jẹ̀ kì í hàn lójú alápatà mọ́. Lọ́jọ́ tó pé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó fa ìwé yọ, ó sì rò pé ó mọ́.

Òun àti Tíṣà ni wọ́n jọ lọ. Ilé ìtajà náà tóbi, ó tutù, jígí wà káàkiri. Ọmọbìnrin tó ń gbowó jókòó sẹ́yìn káńtà, èékánná rẹ̀ gùn bíi ṣíbí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbóhùn sókè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Eléèékánná. Bí ẹni méjì wọ̀nyí ṣe fi ìwé hàn lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀rọ sẹ́nu.

“Ẹ̀yin oníwèé! Ẹ kúrò níwájú àwọn tó fẹ́ san owó gidi! Ẹ lọ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀!”

Wákàtí méjì ni wọ́n fi dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá mú owó wọlé, àga ni wọ́n ń fún un. Màmá arúgbó kan tó gbé ìwé tirẹ̀ dé káńtà, Eléèékánná wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, “Màmá, ìwé yín ti gbó ju ẹ̀yin gan-an lọ.” Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Màmá ká ìwé rẹ̀, ó yí padà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú bó ṣe ń lọ.

Alápatà ń wò ó lọ. Tíṣà gbá a lẹ́jìká pẹ́pẹ́. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Bùrọ̀dá, ọwọ́ mi ti wà nínú àpò láti ìgbà tí a ti wọlé.”

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó kù kò ju òní lọ.”

Ó kàn wọ́n. Eléèékánná fi èékánná méjì gbé ìwé náà bí ẹni gbé òkú aáyán. “Kí ló ń rùn báyìí?”

“Ìwé ẹ̀dínwó ni, àǹtí. Bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, aláwọ̀ ewé yẹn.”

“Ìwé rèé? Ẹ̀jẹ̀ ló bo gbogbo nọ́ńbà yìí mọ́lẹ̀!” Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. “Ẹ wá wo apànìyàn o! Ta lẹ pa kẹ́ ẹ tó rí i gbà?”

Ẹ̀rín sọ. Alápatà tẹ orí ba. “Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni, alápatà ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi díẹ̀ nù ún, nọ́ńbà á yọ.”

“Èmi ni kí n máa nu ẹ̀jẹ̀? Ẹ lọ pe ìyàwó yín kó wá nù ún. Bí ẹ bá rí obìnrin tó lè bá yín gbé!”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Alápatà lára ju ọ̀bẹ lọ. Inú àpò, ìka rẹ̀ ya aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí nǹkan gbà yọ: Tíṣà, onísùúrù, baba ẹ̀kọ́ ilé, òun ni sùúrù kọ́kọ́ tán nínú rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọbìnrin yìí, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ irú rẹ níwèé.”

“Áà, tíṣà ni yín? Abájọ!” Eléèékánná na ọrùn wo ilẹ̀. “Bàtà tẹ́ ẹ fi òwú rán yẹn, ṣé ẹ̀dínwó ni òun náà?”

Gbogbo ilé wo bàtà Tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Ó já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá.

Gáàdì dé. Ọkùnrin gìrìwò kan ni, ọrùn rẹ̀ tó itan ẹlòmíì. Kò béèrè ohunkóhun. Ó fọ́ Tíṣà létí, gíláàsì ojú rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tíṣà ta gìẹ̀gìẹ̀, ó dúró, ó sì fọ́ gáàdì létí padà.

Alápatà la ẹnu sílẹ̀. Tíṣà? Tíṣà tí kò lè pa eṣinṣin? Ìgbà náà ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ìdánwò! Ọjọ́ ìkẹyìn mà nìyí, tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé ìyàwó kò bá a gbé? Tíṣà náà ni. Ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń wá ẹni tó máa yọ jáde tí á sọ pé ó yege.

Gáàdì di Tíṣà lọ́rùn mú, ó gbá ojú rẹ̀ mọ́ káńtà. Gbì! Ó gbé orí náà sókè, ó tún gbá a mọ́ ọn. Àwọn méjì tó ń gbé ẹrù sáré wá, wọ́n gbá a nípàá níhà, wọ́n gbá a níkùn, ó ṣubú, wọ́n ò dáwọ́ dúró.

“Gbà mí o!” ni Tíṣà ń ké. “Ọkọ àbúrò mi, gbà mí!”

Alápatà mi orí, ẹ̀rín sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. “Bùrọ̀dá, mi ò ní yọ ọwọ́ yìí o! Mo ti mọ̀ yín!”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò fi kún un. Tíṣà gbójú sókè láti ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú kan, ó fi èkejì wo ẹ̀rín náà. Gáàdì wá gbé bàtà sókè, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́. Ó dún.

Ogún ọdún ni Alápatà ti ń fọ́ egungun. Ó mọ bí tútù ṣe ń dún, ó mọ bí gbígbẹ ṣe ń dún. Kò sí òṣèré láyé tó lè fi ẹnu dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

Ọwọ́ yọ. Ó dé ọ̀dọ̀ gáàdì kí gáàdì tó yíjú, ó gbá a nímú, imú náà wọlé sínú ojú. Ó gbé e nígbànú àti lọ́rùn bí ẹni gbé ìdajì màlúù, ó sọ ọ́ lu jígí kọ́bọ́ọ̀dù, jígí dà lé e lórí wòròwòrò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹrù fa irin bẹ́ẹ̀dì yọ, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó gba irin náà, ó fi í fọ́ orúnkún ẹni náà, ó sì na èkejì rẹ̀ títí ó fi rá pálá gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó fo káńtà. Eléèékánná ti kó sábẹ́ àga, èékánná mẹ́ta ti kán.

“Ẹ má pa mí! Ọ̀gá ló ní ká máa ṣe é! Wọ́n ní bí ìwé bá ti pọ̀ jù, ká máa fi ẹnu lé wọn lọ!”

Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Níbi tó gbé e sí, ó gbọ́ tí Tíṣà kérora lẹ́yìn. Ó fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀, ó pọn àna rẹ̀ sẹ́yìn, ó sáré gba àárín títì lọ sí ọsibítù. Kò dúró gba afẹ́fẹ́.

Apá Tíṣà kán níbi méjì. Ojú òsì, gíláàsì ti wọ inú rẹ̀. Dókítà ní ojú yẹn ti lọ.

Alápatà dúró sí kọ́rídọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́ta wà lára rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ọmọ lẹ́yìn, ó ti to ọ̀rọ̀ jọ. Ó máa sọ pé òun jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòun jà fún, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí dáadáa á jà. Ìyàwó kọjá lára rẹ̀, ó wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

“Ó ní òun ń pè ọ́, o sì ń rẹ́rìn-ín.”

“Ìyá ọmọ mi, mo rò pé ìdánwò ni.”

“Wọ́n ń fọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi, o rò pé ìdánwò ni?”

“Gbogbo bí wọ́n ṣe ń dán mi wò láti oṣù mẹ́ta...”

“Ọjọ́ tí o gbá ọkùnrin yẹn léyín, mo mọ̀ pé inú ló bí ọ. Mo ní inú á rọ̀. Láàárọ̀ yìí gan-an, ẹrù wa ni mò ń dì.” Omijé ti bo ojú rẹ̀, kò nù ún. “Ẹni tí inú ń bí, mo lè bá a gbé. Ẹni tó dúró, tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń rẹ́rìn-ín, báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn tì í?”

Ọmọ ti rí bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Alápatà gbé ẹsẹ̀ kan. Ìyàwó yí padà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Alápatà gbọ́ ohùn Tíṣà láti inú yàrá, ẹnu rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ ń há sí i lẹ́nu. Ó ń béèrè pé ta ló wà níta.

“Kò sẹ́nì kankan,” ni ìyàwó dáhùn.