Ìgbì Kan, Ibùdó Méjì

Ẹ ti ń fura tẹ́lẹ̀: ọkùnrin tó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ́tí sí òkú ìràwọ̀, ìyàwó rẹ̀ kì í pẹ́ nílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò bá ọkùnrin mìíràn lọ o, èyí tí ìbá tiẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹbí. Ibùdó kejì ló lọ.

Ibùdó méjì ni wọ́n ní lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní òdìkejì òkun. Bí ihò dúdú méjì, tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kì í bọ́ nínú wọn, bá forí gbárí lọ́nà jíjìn lọ́hùn-ún, tàbí tí ìràwọ̀ niutírọ́ọ̀nù méjì, àwọn òkú ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ tí wọn ò sì fẹ̀ ju ìlú kan lọ, bá ń yí ara wọn ká títí wọ́n fi kọlura, òfurufú yóò mì bí omi inú ìkòkò tí èèyàn gbá létí. Mímì yẹn ni ìgbì òòfà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lójú títì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi le: ohun tí ibùdó kan ṣoṣo bá gbọ́, ariwo ni. Ìgbà tí ibùdó kejì bá gbọ́ ọ ló tó di ọ̀rọ̀.

Òfin mìíràn tún wà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Alága iṣẹ́ náà a ní kí ẹnì kan rọra yọ́ ìgbì èké sínú ẹ̀rọ ibùdó méjèèjì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú àwọn onímọ̀ ṣì mú. Àwọn ọ̀gá a máa dárúkọ ẹni tó yẹ sí Alága létí. Ẹni tí Alága bá mú nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, Alága nìkan ló mọ̀. Onítọ̀hún kò gbọdọ̀ fẹnu bà á fún ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ ìwé àwárí kankan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kúkú lé ìyàwó lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya ìgbì kúrò lára ariwo, orí tábìlì ìdáná ni ìyàwó ti ro ó yọ, bí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣíwájú. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ẹni tó tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe.

"Ara kan náà ṣáà ni wá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Òótọ́ ni," ni ìyàwó dáhùn. "Ẹ̀yin ni orí. Ẹsẹ̀ ń lọ nìyí."

Láti ìgbà náà, aago méjì ló wà lára ògiri ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àkókò ibí, ọ̀kan fún ti ọ̀hún. Ó ní torí iṣẹ́ ni. A gbà. Ife kan wà lórí tábìlì ọ́fíìsì náà tí etí rẹ̀ ti kán, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mu omi. Bóyá ìyẹn náà, torí iṣẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn dígí ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Onídígí, yọjú. "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Ìlà kan ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yára bó ṣe ń ga, bí ẹni tó tajú kán rí ẹni tó ti ń retí. Ìràwọ̀ niutírọ́ọ̀nù méjì nìyẹn, kò ṣeé ṣì mọ̀.

"Ṣé ọ̀hún gbọ́ ọ?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

"Ẹ pè wọ́n kẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ nọ́ńbà wọn lórí."

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá a sọ."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kàn kọ́kọ́ tún bọ́tìnì yín dè."

Ìyàwó gbé fóònù. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà rò ó pé ìyàwó náà ń wo aago ibí. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"A gbọ́ ọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ wò, wọ́n yẹ dígí wò, wọ́n yẹ ọkọ̀ ojú títì wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ tó ìyàwó yìí. "Ṣé ohun tí ẹ gbọ́ nìyẹn, àbí ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́?" ló bi í lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin tó gbà pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń bá wí, kí ló tún fẹ́ rò ju pé ìfẹ́ ti padà dé? Nígbà tó yá, ohùn obìnrin náà rọ̀. "Baba ọmọ mi, ẹ má kánjú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré lọ bá Onídígí. "Ó pè mí ní baba ọmọ òun."

"Ṣé ọmọ ti ní baba mìíràn tẹ́lẹ̀ ni, sà?"

Ó jókòó kọ ìwé àwárí. Orúkọ ìyàwó ló fi ṣíwájú, ó fi tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ó kà á sókè fún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó fi kídìnrín kan tọrẹ. Lẹ́yìn ìpàdé ibùdó méjèèjì ni yóò fi han ìyàwó. Ó ti ń ro ibi tí wọn yóò gbé tábìlì ìdáná náà sí.

Nígbà tí gbogbo wọn pé lójú kọ̀ǹpútà fún ìpàdé, Alága wúkọ́. "Kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ó di dandan kí n sọ ọ́: àwa la fi ìgbì yìí síbẹ̀. Ẹ ṣe dáadáa, ẹ kú iṣẹ́."

Àwọn kan mí kanlẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Onídígí yọ awòjú rẹ̀, ó ń nù ún. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹnu kò yà nínú gbogbo ojú tó wà níbẹ̀. Ìyàwó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ta ló fi í síbẹ̀?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rí i.

"Ìyàwó yín ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibùdó kejì ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ìwé yòówù kí ẹ kọ, orúkọ wọn kò ní lè wọ̀ ọ́."

"Ta ló dárúkọ rẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Alága wò ó bí ẹni tó rò pé àwàdà ni.

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kó ẹrù wọn."