Etí Bàbá Ààrò

Èmi ni mo jí ológbò gbé. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa fura sí ìyàwó mi. Òun kàn gbà á lọ́wọ́ mi ni, kò jí i.

Ilé búrẹ́dì la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń po fúláwà níbẹ̀, mo sì ti pò ó débi pé bí ẹ bá gbọn ṣòkòtò mi lẹ́ẹ̀kan péré, odidi àdúgbò kan á fi ohun tó bá já bọ́ jẹun àárọ̀. Ẹni tó ń bójú tó ààrò ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ààrò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò níwájú iná yẹn. Kí wọ́n tó bí mi ni irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jóná tán, ooru sì ti yan án gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí òjò bá kán sí i lórí, ṣe ló máa ń dún "ṣìì".

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni etí rẹ̀. Àwọn tó ń yan búrẹ́dì níbòmíràn a máa ṣí ààrò wò, wọn a máa fimú fa òórùn, wọn a máa fìka tẹ búrẹ́dì. Bàbá a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òpùrọ́ ni ojú," ni yóò wí. "Búrẹ́dì á pọ́n dáadáa lójú ẹ, inú rẹ̀ á sì máa lẹ̀ bí ẹrẹ̀. Imú ńkọ́? Ẹni tó bá ti lo oṣù kan níbí, imú rẹ̀ ti di ihò lásán. Ọwọ́? Wo ọwọ́ mi, ó ti jóná, kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Etí nìkan ló kù tó ṣeé bá dòwò pọ̀."

Lẹ́yìn náà ni yóò dúró sẹ́nu ààrò, tí yóò tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ìjà tọkọtaya láti ẹ̀yìn ògiri. Lójijì ni yóò na ọwọ́ sókè: "Ó ti sọ̀rọ̀!" A ó fa páànù jáde, a ó kan ìdí búrẹ́dì, á sì dáhùn "kó, kó" bí ilẹ̀kùn ilé olówó. Mo ti sọ fún èèyàn tó ju igba lọ pé Bàbá máa ń gbọ́ bí èèrà bá sín ní òpópónà kejì. Bí a bá pè é tí kò dáhùn, a ó ní, "Ẹni tó ń gbọ́ ti búrẹ́dì, ṣé tiwa ló tún kù tí yóò máa gbọ́?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn, lórí àwọn bíríkì ilẹ̀, ni ológbò kan máa ń sùn sí. Alákòóso là ń pè é, torí kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Bí eku bá ń kọjá, yóò yẹ̀ fún un. Síbẹ̀, Màdáámù tó ni ilé búrẹ́dì máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́ nínú àwo funfun kan. Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn máa ń bí mi nínú. Èmi tí mò ń po fúláwà, ẹnìkan ò fún mi ní egungun rí.

Lọ́jọ́ kan ni mo bá dá àpárá kan. Mo gbé Alákòóso sínú àpò fúláwà, mo gbé e lọ sílé. Ìyàwó mi gbé e fún ìyá rẹ̀, ìyẹn náà sì gbé e lọ sí abúlé wọn, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni Màdáámù mú ọkùnrin kan wọlé, tí jígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ká tó mira, a ti sọ ọ́ ní Olójú-mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ló ń tà: irin gígùn kan tí wọ́n ń tì bọ inú ààrò, pẹ̀lú ojú gíláàsì tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yà ara èèyàn ló ń purọ́, ẹ̀rọ kì í purọ́," ni Olójú-mẹ́rin wí.

Màdáámù ní, "Agogo méjì ọ̀la. Ẹnu ààrò méjì la ní. Bàbá á mú ọ̀kan, ẹ̀rọ á mú ọ̀kan. Ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ bá dáa jù ló ni ààrò. Bàbá, bí ẹ̀rọ bá borí, ẹ ó lọ sinmi."

Ibo ni yóò ti sinmi? Yàrá tó wà lẹ́yìn ààrò nilé rẹ̀. Bó bá pàdánù ààrò, ó pàdánù ilé. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò sì bọ̀, níbi tí èmi, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin ti ń sùn wọnú ara wa bí búrẹ́dì nínú páànù.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ku wákàtí kan, mo rí Bàbá tó ń tú gbogbo àpò fúláwà, tó ń wo abẹ́ tábìlì. Ó fà mí wọ yàrá rẹ̀.

"Alákòóso dà?"

"Ẹ̀gbọ́n màmá mi, ológbò lásán-làsàn…"

"Etí mi ni!"

Mo bojú wẹ̀yìn kó má baà rí ẹ̀rín mi, mo ní, "Báwo ni ológbò ṣe jẹ́ etí yín?"

"Kọjú sí mi! Kí lo wí?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹnu mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi. Ọdún kẹsàn-án rè é tí etí rẹ̀ ti dí pátápátá. Ọmọ èèrà tí mò ń pariwo kiri, bó tiẹ̀ jẹ́ erin ló sín lẹ́yìn Bàbá, kò ní mọ̀, àfi tí ikun imú rẹ̀ bá ta sí i lára.

"Bí búrẹ́dì bá ti ń jinná," ló wí, "bíríkì yẹn á máa gbóná. Alákòóso á kọ́kọ́ gbọn etí, á yán, á dìde, á na ara, á lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń ní ó ti sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fúnni?"

"Ta ni yóò gbé ààrò lé ọwọ́ ẹni tí ológbò ń bá gbọ́ràn? Níbo ló wà?"

Mo sọ ibi tó wà fún un. Ó jókòó. Nínú ayé mi, n kò tíì rí i kó jókòó lọ́sàn-án rí, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi.

"Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́," ló wí. Ó tún wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Bọ́ ẹ̀wù rẹ."

"Ẹ̀n?"

"Ìwọ lo gbé etí mi lọ, ìwọ ni wàá di etí mi."

Bí mo ṣe di ológbò nìyẹn. Nígbà tí Màdáámù dé, n kò wọ ẹ̀wù, mo fi ikùn lélẹ̀ lórí bíríkì.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Inú rírun ni," ni Bàbá wí. "Ooru ni oògùn rẹ̀."

Wọ́n ti páànù wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. N kò tíì ka ogún tí mo ti mọ̀ dájú pé ikùn mi ti jinná tán, pé wọ́n lè kó ìfun mi fún àlejò. Mo gbé ìdí sókè.

"Dùbúlẹ̀!" Bàbá rò pé òun ń sọ ọ́ sí mi létí. Àwọn ẹyẹ orí òrùlé fò lọ.

Olójú-mẹ́rin ta gìrì. "Ta lẹ̀ ń bá wí?"

Màdáámù ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Búrẹ́dì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Mo dùbúlẹ̀. Mo fọwọ́ kan bíríkì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ẹ̀rù ló gbóná lára mi, kì í ṣe ilẹ̀. Mo tún kà. Ó gbóná, kò gbóná, ó gbóná, kò gbóná. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀ bí ọmọ ìyá tó ń pín ogún. Ó sú mi. Níbi tí mo ti ń dá wọn lẹ́jọ́ ni oorun ti gbé mi lọ.

Àfi bí mo ṣe rí ara mi tó dìde. N kò rán an. Etí mi gbọ̀n, mo yán títí ẹnu mi fi fẹ́ ya, mo na ọwọ́ na ẹsẹ̀, mo rìn lọ.

"Ó ti sọ̀rọ̀!" ni Bàbá ké.

Ní ẹnu ààrò kejì, Olójú-mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí gíláàsì rẹ̀ láti ka nọ́ńbà. Ooru ààrò ti fi omi bo jígí ojú rẹ̀. Ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, fúláwà sì ti kún apá ẹ̀wù náà. Omi pẹ̀lú fúláwà, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń dà. Búrẹ́dì kékeré méjì bẹ̀rẹ̀ sí wú lójú ọkùnrin náà.

"Ẹ̀rọ yín ò sọ nǹkan ni?" ni Màdáámù bi í.

"Ó ń sọ ọ́! Ẹ̀rọ kì í purọ́!"

"Mo gbọ́. Kí ló wá wí?"

Ó yọ jígí, kò ríran. Ó wọ̀ ọ́ padà, kò ríran. Ó ní igba ni, ó tún ní àádọ́ta ni. Nígbà tí èéfín fi wá jáde, kò sẹ́ni tó nílò nọ́ńbà mọ́. A fa páànù rẹ̀ jáde, èédú ni. Ká ní a gbé e fún alágbẹ̀dẹ ni, á fi rọ ọkọ́ mẹ́wàá.

Màdáámù kan ìdí búrẹ́dì Bàbá. "Kó, kó." Ó bù ú, ó jẹ ẹ́ títí dé ìdajì. Bàbá ti kẹ̀yìn sí wa, ó ń to páànù.

"Bàbá," ni Màdáámù wí, "ẹ̀yin lẹ ni ààrò."

Bàbá ń to páànù.

"Bàbá, mo ní ẹ̀yin lẹ ni ààrò o."

Páànù ló ń tò. Olójú-mẹ́rin ń họ fúláwà kúrò lójú, ó ní, "Màdáámù, ṣé baba yìí ń gbọ́ràn ṣá?"

Mo sáré bọ́ sáàárín. "Búrẹ́dì tó kù nínú ààrò ni wọ́n ń gbọ́!"

Kò sí búrẹ́dì kankan tó kù nínú ààrò. Màdáámù wo ààrò tó ṣófo, ó wo ikùn mi, níbi tí bíríkì ti tẹ àmì rẹ̀ sí ní ìlà-ìlà.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ẹ má dí wọn lọ́wọ́."

Ó lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja dé láti ilé rẹ̀ nínú àwo funfun. Ẹni tó gbé e wá kò bi wá pé ológbò dà. Ó gbé àwo kalẹ̀ lórí bíríkì, ó ní Màdáámù ní kí a gbé e fún ẹni tí inú ń run.

Mo wo Bàbá. Bàbá wo ẹnu mi, bóyá mo fẹ́ sọ nǹkan.

Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo dùbúlẹ̀, mo jẹ ẹja mi.